Korobá Ìbéèrè

Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Àyànníyì, kò sunkún rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun ṣe bọ́ sílẹ̀ ni òun gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn ògiri ilé ìgbẹ̀bí, òun tẹ́tí sí i díẹ̀, òun wá wo agbẹ̀bí lójú, òun ní, "Màmá, ẹ lọ pa nǹkan yẹn o, ọ́ìlì ti tán nínú ẹ̀." Ó ní agbẹ̀bí gbé òun sọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi eré sí i, nígbà tó sì máa fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó gbẹ táútáú bí ọ̀fun aláàwẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Ìyẹn kéré," ni Àyànníyì wí, ó ń ki ẹ̀wà bọ inú búrẹ́dì. "Ẹ ò tíì gbọ́ ti rélùwéè. Èmi pẹ̀lú rélùwéè la jọ gbéra ní Òṣòdì, à ń sáré lọ sí Agége. Kí rélùwéè tó dé, mo ti dé, mo ti jẹun, mo ti sùn, mo ti lálàá, mo tilẹ̀ ti gbàgbé àlá ọ̀hún."

"Hẹ̀ẹ́! Ẹ̀gbọ́n Níyì!" Fawziyyah, tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ kó máa to ìdérí, pàtẹ́wọ́. "Irọ́ yín yìí, bí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n á bẹ̀bẹ̀."

"Bí mo bá parọ́, kí tírélà tó ń bọ̀ yìí tẹ̀ mí pa."

Tírélà kọjá lójú títì. Kò tẹ ẹnì kankan pa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún pọ̀ débi pé bí wọ́n bá rọ ọ́ sínú táńkì, ì bá tan iná fún gbogbo Jákàńdè di ọdún tó ń bọ̀.

Salimat rẹ́rìn-ín tiẹ̀ náà. Ta ni Àyànníyì kì í pa lẹ́rìn-ín? Òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe korobá àti abọ́ ike, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó kún Ìsọlọ̀. Iṣẹ́ Salimat ni kó máa fi ọ̀bẹ kékeré gé ike tó bá yọ gánńgán lẹ́nu korobá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohun méjì ló wà tí Àyànníyì ò lè ṣe láyé: kò lè dákẹ́, kò sì lè sọ pé "N ò mọ̀." Bí wọ́n bá na ìbọn sí i ní ìpàkọ́ pé kó sọ ọ́, á kọ́kọ́ kọ́ ẹni tó mú ìbọn dání bí wọ́n ṣe ń rọ ìbọn.

Ọ̀rọ̀ "N ò mọ̀" yẹn ló bí korobá dúdú kan tó wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Korobá tó sán ní ìdí ni. Àyànníyì ló gbé e kọ́ síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Korobá Ìbéèrè. Ẹni tó bá béèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́, wọn á dà á dé e lórí títí dé èjìká, wọn á gbé igi ti korobá, wọn á máa lù ú gbàmùgbàmù:

"Kí lo béèrè?"

"N ò béèrè nǹkan kan!"

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!"

Ìgbà tó bá dáhùn báyẹn ni wọ́n tó ń ṣí i lórí ẹ̀. Eré ni, gbogbo wọn ló gbà pé eré ni. Ṣùgbọ́n etí ẹni tí wọ́n lù ú fún á máa hó di ọjọ́ kejì, ẹnu ẹ̀ á sì pa dé bí ìdérí ìkòkò tí ọbẹ̀ gbẹ mọ́. Kò pẹ́ tí kò fi sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan mọ́. Bí àlejò bá wọlé síbẹ̀, á rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n kó jọ láti máa ṣe korobá.

Ni máṣíìnì tuntun bá dé. Ó ga, ó ń dán, ó ní gíláàsì kan níwájú tí ń kọ nǹkan jáde fúnra rẹ̀. Irin ńlá méjì wà nínú rẹ̀ bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀: wọ́n á pàdé, ike gbígbóná á dì láàárín wọn, wọ́n á ṣí, korobá á bọ́ sílẹ̀. Felicia, ẹnjiníà obìnrin kan, ọmọ Èkìtì, ni wọ́n rán wá láti kọ́ wọn.

"Ẹ wo ilẹ̀kùn yìí dáadáa," ni Felicia wí, ó ṣí i, ó tì í. "Ilẹ̀kùn yìí lojú máṣíìnì. Bí ó bá wà ní ṣíṣí, máṣíìnì mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn lè wà nínú òun, kò sì ní pa eyín dé. Iná pupa á tàn. Ẹ má bá a jà. Ẹ yọ ohun tó bá há, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá tẹ àwọn ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀, á padà sẹ́nu iṣẹ́." Ìka rẹ̀ fò lórí gíláàsì náà, pá, pá, pá, bí adìẹ tó ń ṣa ọkà. "Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa!" Àyànníyì ló dáhùn fún gbogbo ayé. Ó káwọ́ gbera, ó mi orí. Ṣùgbọ́n Salimat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó rí ojú ẹ̀. Ojú ọ̀hún ń wo gíláàsì bí ewúrẹ́ ṣe ń wo fọ́tò.

"Ìbéèrè ńkọ́?"

Gbogbo ojú sáré lọ sára ìṣó. Salimat na ọwọ́, kò nà án tán. "Àǹtí, bí iná pupa bá tàn, èwo gan-an la máa kọ́kọ́ tẹ̀?"

Àyànníyì bú sẹ́rìn-ín. "Madam, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Irú máṣíìnì yìí, àwọn ọmọ ẹ̀ ni mo fi ń ṣeré nígbà tí mo wà ní pámárì. Ẹ máa lọ, èmi á kọ́ wọn."

"Ṣé ó dá yín lójú, ọ̀gá?"

"Ó dá mi lójú ju orúkọ bàbá mi lọ."

Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń retí Felicia. Ó wo Salimat, ó wo Àyànníyì, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Géètì ò tíì pa dé tán tí korobá fi wà lórí Salimat. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ike jíjó, èémí ara rẹ̀ ń padà gbá a lójú. "Mo kàn béèrè torí pé..." Gbàmù! "Ẹ gbọ́ ná..." Gbàmù! Wọ́n lù ú títí ó fi dà bíi pé inú agbárí rẹ̀ gan-an ni igi náà wà. "Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!" ló ké nígbẹ̀yìn. Wọ́n ṣí i. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú rẹ̀, nǹkan tó máa ń nawọ́ láti kékeré ní Ìsẹ́yìn, tó máa ń bi àwọn àgbà pé kí ló dé tí òṣùpá fi ń tẹ̀lé èèyàn délé, nǹkan yẹn ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó sì lọ jókòó sí kọ̀rọ̀.

Ìgbà tí iná pupa kọ́kọ́ tàn, Àyànníyì tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Máṣíìnì ń ké tuu, tuu, bí ọmọ tó fẹ́ mu ọmú. Òógùn bọ́ sí i lójú. Ó wẹ̀yìn wò bóyá wọ́n ń wo òun. Wọ́n ń wò ó. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

"Olórí kunkun ni máṣíìnì yìí," ló wí. "Mo máa kọ́ ọ lọ́gbọ́n."

Ó jáde lọ síbi tó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí, ó gé nínú tíúbù àlòkù tó fi ń di ẹrù, ó wọlé padà. Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn máṣíìnì tó máa ń ta padà bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ó tẹ irin náà mọ́lẹ̀, ó fi rọ́bà tíúbù dì í gírígírí. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, máṣíìnì á rò pé ó wà ní títì. Iná pupa ò tàn mọ́. Àyànníyì fọ́ máṣíìnì lójú, ó wá ń yangàn pé òun wò ó sàn.

Korobá wá ń jáde bí eéṣú. Kò sí dídúró, kò sí ilẹ̀kùn títì. Ọ̀gá Olúsọjí, mánéjà wọn, tí kì í sún mọ́ máṣíìnì kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ má baà dọ̀tí, dúró lókèèrè, ó ń wo òkè korobá, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀.

"Níyì, báwo lo ṣe ṣe é?"

"Ọ̀gá, ẹ̀bùn ni. Wọ́n bí i mọ́ mi ni."

Wọ́n gbé fọ́tò Àyànníyì kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá, wọ́n rí rọ́bà, wọ́n mi orí bí alángbá, wọ́n lọ.

Salimat náà rí i. Ilẹ̀kùn yìí lojú máṣíìnì, ohùn Felicia ò kúrò létí ẹ̀. Láràárọ̀ ni ìbéèrè máa ń gòkè wá sí i lọ́fun bí òsúkè, láràárọ̀ ló ń fi omi inú ọ̀rá tì í padà sínú. Nígbà tó yá, kì í gòkè mọ́. Ó wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ń lu korobá fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kódà, ó mọ̀ ọ́n lù ju Fawziyyah lọ.

Àsìkò náà ni Teslim, àbúrò rẹ̀, dé láti Ìsẹ́yìn. Aṣọ òfì ni Teslim ń hun nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé wọ́n ní bí ó bá jókòó ti òfì, ojú èèyàn á kọ́kọ́ rí aṣọ kó tó rí òwú. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ l'Ékòó, kó fi gba ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ìyá wọn pe Salimat lórí fóònù: "Sàlí, ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé o. Bó o bá ń dá a padà fún mi, bó ṣe wá ni kó o ṣe dá a padà." Salimat bẹ Àyànníyì, Àyànníyì gbà á síṣẹ́ sídìí máṣíìnì tuntun. Ẹni tí Àyànníyì bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa ni Ọ̀gá Olúsọjí ń gbà síṣẹ́ gidi.

Wàhálà Teslim kan ṣoṣo ni pé ó ń béèrè bí ẹní ń mí. Kí ló dé tí ajá Okota kì í gbó ọlọ́pàá? Ta ló ń ra gbogbo korobá yìí, ṣé gbogbo ayé ló ń pọnmi ni? Ọjọ́ kìíní tó dé ìdí máṣíìnì, ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan rọ́bà.

"Ẹ̀gbọ́n Níyì, kí lèyí ń ṣe níbí?"

Salimat rí ohun kan tó sáré kọjá lójú Àyànníyì, kékeré báyìí, bí èkúté tó yọrí lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó tún wọlé. Ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín.

"Sàlí! Àbúrò rẹ béèrè o!"

Wọ́n ń wò ó. Salimat rò ó lọ́kàn pé, bí òun bá kọ̀, wọn á ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló gọ̀, Teslim ò sì ní rí iṣẹ́ gidi gbà. Kó yáa dà bí àwọn yòókù. Ó lọ sídìí ìṣó, ó gbé korobá wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á dé àbúrò rẹ̀ lórí. Ó lù ú. Ó lù ú débi pé igi kán.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, Àǹtí mi! Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!"

Nírọ̀lẹ́, nínú yàrá wọn l'Ókota, Salimat ń yí ẹ̀bà lọ́wọ́, Teslim jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fọ ẹsẹ̀.

"Àǹtí Sàlí, àwa méjì péré la wà níbí báyìí. Kí ni rọ́bà yẹn wà fún?"

Ọmọ orógùn dúró lọ́wọ́ Salimat. Ó lè sọ pé, "Má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀." Ó lè sọ pé, "Ó ṣe mí bí ẹni pé kò dáa, ṣùgbọ́n n ò mọ̀." Ṣùgbọ́n Teslim ò mọ ẹnu pa mọ́. Bó bá gbọ́ ọ lálẹ́, á sọ ọ́ láàárọ̀.

"Iṣẹ́ ni kó o kọjú mọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kò burú." Teslim nu ẹsẹ̀, ó wọlé wá jẹun, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Gbogbo irọ́ Àyànníyì, tó fi dórí ti rélùwéè, ẹnikẹ́ni ò gbà á gbọ́ rí. Ti Salimat ò ju gbólóhùn kan lọ, Teslim sì gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀bà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni korobá kan há sáàárín eyín irin náà. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí bó ṣe máa ń wà. Teslim wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ì bá béèrè, ṣùgbọ́n ó rántí igi. Ó na ọwọ́ ọ̀tún wọlé láti yọ korobá náà.

Máṣíìnì ò rí i. Wọ́n ti fọ́ ọ lójú.

Igbe kan ló ké, kò ké méjì. Fawziyyah ló sáré pa iná. Wọ́n fi ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, Salimat sì gbé ọwọ́ náà lé itan, nínú aṣọ, lọ́nà gbogbo. Àtàǹpàkò nìkan ni dókítà rí fi sílẹ̀.

Nígbà tó lajú, Teslim ń wo báńdéèjì. Ó wò ó títí. Teslim ọjọ́sí ì bá bi nọ́ọ̀sì pé kí ló wà nínú abẹ́rẹ́, ta ló ṣe é, ṣé ó ń dun abẹ́rẹ́ náà.

"Bi mí ní nǹkan," ni Salimat wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Teslim, jọ̀ọ́, béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi."

"Kí ni mo fẹ́ béèrè, Àǹtí?" Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ pe ìpàdé, gbogbo wọn dúró yí máṣíìnì ká. Felicia wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ó fi ìka kan rọ́bà náà. "Ta ló so èyí?"

"Teslim ni," ni Àyànníyì wí. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Mo kìlọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní, 'Teslim, ilẹ̀kùn lojú máṣíìnì.' Ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe é kíá."

Ọ̀gá Olúsọjí mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́. "Tó bá jẹ́ òun ló so ó, a jẹ́ pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa á. Ilé-iṣẹ́ ò ní lè san owó ìtọ́jú ẹni tó ba máṣíìnì jẹ́. Kò sì ní padà síbí."

Salimat wo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀, gbogbo wọn ló ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó wo fọ́tò Àyànníyì lókè ẹnu ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà ni ìṣó, lára ìṣó ni korobá.

Ó lọ gbé e. Ó rìn padà wá sáàárín wọn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á dé ara rẹ̀ lórí.

"Kí lèyí?" ni Ọ̀gá Olúsọjí bi wọ́n.

Inú korobá ni ohùn Salimat ti ń jáde, ó ń ró bí ohùn ẹni tó já sí kànga. "Ẹ̀gbọ́n Níyì, mo fẹ́ béèrè. Bí iná pupa bá tàn, èwo la máa kọ́kọ́ tẹ̀? Èmi ò mọ̀ ọ́n. N ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, irọ́ ni mo pa, àbúrò mi ló jìyà ẹ̀. Ẹ kọ́ mi."

Igi tuntun wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò mú un.

Felicia fa rọ́bà náà já. Ó tan máṣíìnì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í. Iná pupa tàn, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tuu, tuu. "Ìbéèrè tó dáa ni," ló wí. "Ọ̀gá Níyì, ẹ dá a lóhùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ká rí i."

"Èyí?" Àyànníyì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún ò dé eyín. "Ìka kan ni mo fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Bí mo bá wà lójú oorun..."

"Ojú oorun kọ́. Níbí."

Ó tẹ ibì kan. Tuu. Ó tẹ ibòmíràn. Iná kejì bá ti àkọ́kọ́ tàn.

"Gíláàsì ojú mi ni mi ò mú wá," ló wí.

"Gíláàsì ojú wo?" Fawziyyah ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń rí kòkòrò tó bà lé òrùlé ní Kútọnu? Ìgbà wo lẹ wọ gíláàsì rí? Rọ́bà yẹn pàápàá, tíúbù tẹ́ ẹ fi ń di ẹrù sórí ọ̀kadà yín ni. Ojú wa lẹ ṣe so ó."

"Ojú gbogbo wa ni," ni ẹlòmíràn wí.

Salimat ṣí korobá lórí. Òun àti Àyànníyì wo ara wọn. Èkúté ọjọ́sí tún yọ lójú ọkùnrin náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò rí ibi sá wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò pọ̀."

Ẹnu Àyànníyì ṣí. Ètè rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e, kò lè gbé e kúrò nílẹ̀. Ló bá yíjú padà, ó sáré. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Olúsọjí kọjá, ó ta síkíọ́rítì nù, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sẹ́nu géètì, ó rá pálá gba àárín tírélà méjì, ó dorí kọ ọ̀nà Òṣòdì. Wọ́n ń wò ó lọ. Ó fi ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, iná pupa sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń sọ látọjọ́ tó dé ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀kan péré ló wá jọ òótọ́: kò sí rélùwéè tó máa bá a.